Àwòrán kan, ọkọ̀ ogun púpọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun Faransé ni a ó sọ lónìí, ti ayé ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú ìgbòkun ń ti ọkọ̀ lórí òkun.

Ní ọdún 1782, ọ̀gá akànkọ̀ kan, Jacques-Noël Sané, ọmọ ìlú Brest, ya àwòrán ọkọ̀ kan. Ẹ mọ bí aránṣọ ti ń ṣe: ó gé ìwé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi ìwé náà gé aṣọ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Faransé ṣe. Wọ́n fi àwòrán Sané kan ọkọ̀ ní Brest, ní Toulon, ní Rochefort, ní Lorient. Àwọn akànkọ̀ ń ka ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀, wọ́n sì ń gé igi. Ọkọ̀ tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kàn báyìí lé ní 100. Téméraire ni wọ́n ń pe irú wọn.

Gígùn ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 56. Àgbá 74 ni ó ń gbé. Àwọn 28 tí ó wúwo jù wà nísàlẹ̀, nítorí bí ẹrù wúwo bá wà lókè, ọkọ̀ lè dojú dé. Ọta irin kan nínú tiwọn ju kílò 17 lọ. Ọkùnrin bí 700 ń gbé inú ọkọ̀ náà. Abúlé kan nìyẹn! Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará etí òkun tí ìjọba ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Bí ó bá kan ẹnì kan, àfi kí ó lọ.

Igi ńkọ́? Ọkọ̀ kan ń jẹ ju 2000 igi chêne lọ. Igi líle ni, ẹni tí ó gbìn ín kì í sábà bá wọn gé e.

Ọkọ̀ náà dára, síbẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní Trafalgar, ní ọjọ́ 21, oṣù 10, ọdún 1805. Wọ́n ti ṣọ́ ẹnu èbúté Faransé pẹ́, àwọn atukọ̀ Faransé kò sì rí àyè kọ́ iṣẹ́ lójú òkun. Pákó dáadáa nìkan kò lè ta àgbá.

Ọ̀kan nínú wọn, Duguay-Trouin, sá là níbẹ̀. Kò tó oṣù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú un. Wọ́n sọ ọ́ ní Implacable, ó sì di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ atukọ̀. Ní ọdún 1949, owó àtúnṣe rẹ̀ wọ́n jù. Wọ́n ta àsíá Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì sórí rẹ̀, wọ́n fà á lọ sójú òkun, wọ́n sì rì í. Wọ́n yọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pamọ́. Ó wà ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù.