Ọwọ́ Ọmọ Òrukàn Náà Lè Fúnni

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ní Asese

   

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ ráńpẹ́, kí n má sì sọ ọ́ di wáàsí. Lẹ́tà kan ló fa ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn tí mo ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń yọ zàká fún wa kọ̀wé sí mi. Ó ní òun gbọ́ tí mo dárúkọ abẹ́rẹ́, òwú, àlùmọ́gàjí àti láfún, òun kò sì mọ̀ pé eré ọmọdé wà lára ohun tí à ń ná zàká lé lórí. Kò bú mi o. Bí ó ṣe yẹ kí mùsùlùmí béèrè ló ṣe béèrè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó yọ owó rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó náà wọlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì lórí owó. Ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ ni Ọlọ́hun ní zàká tọ́ sí, nínú Súrà Tawbah, áyà 60. Ọmọ òrukàn kò ní ìsọ̀rí tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tálákà tàbí aláìní, ẹnu ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ilé mẹ́ta sílẹ̀ fún kì í jẹ zàká. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò ní jẹ ogún rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, oúnjẹ, owó ilé ìwé àti òògùn àwọn ọmọ tí kò ní ni à ń fi zàká ṣe. Inú sàráà ni abẹ́rẹ́ àti òwú ti wá, ojú ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà. Ẹ̀bi mi ni pé mo ka ojú ìwé méjèèjì pọ̀ láìdánu dúró. Ìyẹn ti parí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tún wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn tí ẹni tó kọ ọ́ kò sọ síta: ọmọ tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ bébà ṣe? Èmi gan-an bi àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní irú ìbéèrè yìí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi àkókò ṣòfò ni. Ojú mi ló rí ohun tó yí mi lọ́kàn padà, níbi tí a ti ń pín ìrẹsì. Ẹ mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ á tò, wọn á na ọwọ́, wọn á gbà, wọn á kúnlẹ̀, ẹni tó ní kámẹ́rà á ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ti gba tirẹ̀ tán. Mo na ọwọ́ láti fi pa á lórí bí Ànábì ṣe kọ́ wa. Bí ó ṣe rí ọwọ́ mi, ó tún tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò tilẹ̀ wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára pé bí àgbà bá ti na ọwọ́ sí òun, kí òun gbà ló kù.

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo wa la mọ hádíìsì tó gbé ọwọ́ tó ń fúnni lékè ọwọ́ tó ń gbà. A máa ń fi í rọ olówó kí ó lè yọ owó. Èmi tí mo ti kà á fún àwọn ènìyàn láìmọye ìgbà, n kò ronú kan ọmọ tí ọwọ́ tirẹ̀ kò tíì wà lókè rí.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé, kí ó lọ wo Bukhari àti Muslim. Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh, obìnrin kan nínú àwọn Ansar, ló ròyìn bí Ànábì (SAW) ṣe ránṣẹ́ sí àwọn abúlé tó yí Mẹdínà ká láàárọ̀ ọjọ́ Àṣúrà nípa ààwẹ̀. Àwọn ìyá gba ààwẹ̀ náà, wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn gbà á. Wọ́n wá fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré. Bí ọmọ kan bá ń sunkún oúnjẹ, wọn á gbé e fún un, títí di àsìkò ìṣínu. Ẹ wò ó dáadáa: ebi ń pa ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì mọ̀. Ohun tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló gbà á lọ́wọ́ ẹkún.

Ti ìyá wa Àíṣà (RA) tún wà nínú Abu Dawud. Ànábì dé láti ogun, atẹ́gùn ṣí aṣọ ìkélé, ó sì rí àwọn ọmọlángidi Àíṣà. Láàárín wọn ni ẹṣin kan wà tó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó bi í pé irú ẹṣin wo ló ń ní ìyẹ́. Àíṣà dá a lóhùn pé ṣé kò tíì gbọ́ ni pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaimana ní ìyẹ́. Ànábì rẹ́rìn-ín títí èrìgì rẹ̀ fi hàn. Kò ní kí wọ́n kó o dànù, kò sì sọ pé àkísà ni.

Àwọn kan lára yín ti pè mí sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ ọmọlángidi, pé ṣé kì í ṣe ère. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ gba ohun ìṣeré ọmọdé láàyè nítorí hádíìsì Àíṣà yìí, àwọn mìíràn kò fara mọ́ ọn. Kí ìjà má baà sí, àwọn ìyá wa kì í rán ojú àti ẹnu sí tiwa. Ìgékù aṣọ tí àwọn aránṣọ Mowe àti Ibafo ń dà nù ni wọ́n ń lò: wọn á ká aṣọ kan bí orógùn, wọn á fi òwú so ọrùn, wọn á fi ìgékù ànkàrá ṣe ìró, wọn á wé gèlè fún un. Abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ bí ọmọ bá kéré. Ọmọ kan bi mí pé, “Bàbá Akọ̀wé, kí ni èyí fi ń ríran?” Mo ní kí ó lọ bi Ìyá Àdínnì.

Àwa tí a lọ ilé kéú mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa. Kí a tó mọ alifi, a ti mọ bí a ṣe ń fọ wàláà, bí a ṣe ń sá a sóòrùn, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ gègé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ń gba iṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà, ìgbálẹ̀ tàbí apẹ̀rẹ̀, ní ìparí sáà. (Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra ìgbálẹ̀ yẹn lọ́jà.)

Lẹ́ẹ̀ kò ní ká ná owó. Ẹ fi omi tútù po ṣíbí láfún méjì títí kò fi ní kókó, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Bí ó bá tutù tán, ó ń lẹ bébà, ó ń lẹ páálí, bí ọmọ bá sì lá a, láfún ló lá. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta náà, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe adìrẹ, ti oníko ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ ni wọn á fi aṣọ funfun dì, wọn á fi ìko tàbí òwú so ó le. Sísọ ni tiwọn. Aró òde òní, tí wọ́n ń po kọ́sítíìkì sódà mọ́, kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọmọdé wà. Ó ń jó awọ ara, ó sì ń fọ́ ojú. Èèpo àlùbọ́sà ni àwa ń sè, àwọn ìyá ọjà ń kó o fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àgbà kan ló sì ń ti aṣọ bọ inú rẹ̀. Àwọ̀ tó ń mú jáde dà bí oyin. Ó ń ṣá bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí ayọ̀ bí ti ọmọ tó tú òwú, tó rí i tí òrùka funfun yọ níbi tí òkúta wà.

Tẹ̀sùbáà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ gé bébà kàlẹ́ńdà sí èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka méjì, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Láti ìdí ni kí ọmọ ti máa ká a mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, kí ó fi lẹ́ẹ̀ pa á lórí, kí ó fà á yọ, kí ó sá a. Bí ó bá pé 33, ó ti tó okùn kan, ọmọ náà sì ti ka oókan dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láìmọ̀ pé ìṣirò lòun ń kọ́. Ẹ wo kàlẹ́ńdà náà dáadáa kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ o. Èmi ni mo kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ wá láìwò ó, ọmọ kan sì ti gé e dé àárín kí a tó rí i pé áyà wà lẹ́yìn rẹ̀. A ṣa gbogbo rẹ̀, a sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá kì í gba bébà lọ́wọ́ mi láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má fi èso inú igbó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọdé. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ojú ológbò, èyí tó pupa tí orí rẹ̀ dúdú, lẹ́wà púpọ̀, ó sì ń hù káàkiri ọgbà. Májèlé ni. Ọ̀kan ṣoṣo tí ọmọ bá jẹ lẹ́nu lè pa á, èyí tí wọ́n bá sì ti lu ihò sí tún burú sí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má gbé ìlẹ̀kẹ̀ kankan sún mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ti bébà, nítorí ọ̀fun.

Páálí ṣúgà ni àwọn ọkùnrin fi ń ṣe mọ́tò, àlòkù bàtà róbà la ń gé ṣe táyà, ẹyọ ìgbálẹ̀ sì ni áàsù. Nígbà tiwa, agolo ni, ṣùgbọ́n etí agolo ti gé mi lọ́wọ́ rí, n kò gbà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọdékùnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ kú sójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yìí. Tírélà nìkan ló máa ń ṣe. Mo fẹ́ kí a fi ọgbọ́n yí i sí nǹkan mìíràn, Ìyá Àdínnì ní kí n fi í sílẹ̀. Ní Sátidé kan ó gbé èyí tó ṣe wá bá mi. Ó fi okùn kan hàn mí lábẹ́ rẹ̀, ó fà á, táyà kò yí mọ́. Ó ní, “Èyí ní bíréèkì.”

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mú tẹ̀sùbáà kan wá fún ọ̀kan nínú àwọn Àlàájà wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Sátidé mẹ́ta tó fi ṣe é. Àlàájà dúpẹ́ títí, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n mú owó jáde. Ọmọ náà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, “Mi ò tà á, mo fún yín ni.” Àlàájà wà níjokòó níbí, tẹ̀sùbáà náà sì wà lọ́wọ́ wọn, ó ku ẹyọ kan tí lẹ́ẹ̀ rẹ̀ ti ṣí.

Ohun tí a nílò kò pọ̀. Ẹ bá wa kó páálí tó mọ́, ìgékù aṣọ, àlòkù bàtà róbà, kàlẹ́ńdà tí ẹ ti yẹ̀ wò, àti àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ má kó agolo wá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà, a ń wá ẹni tí yóò bá wa tún bẹ́ǹṣì kan ṣe. Sátidé kejì nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ni a máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá wò ó, orí ẹní ni àwọn ọmọ ń jókòó; a ó bá yín wá àyè níbẹ̀.