KÓKÓ OLÓMI NÍNÚ ILÉ ẸYIN ALÁBOYÚN



Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wo inú aláboyún, tí wọ́n sì ní kókó olómi wà lára ilé ẹyin rẹ̀, ẹ̀rù a bà á, àwọn ará ilé a sì máa wá ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Oyún fúnra rẹ̀ ni ó mú púpọ̀ nínú wọn wá: ojú ibi tí ẹyin ti jáde ni ó wú, òun ni ó sì ń gbé oyún ró títí ibi ọmọ yóò fi gba iṣẹ́ náà. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ wọn ti pòórá láìsí oògùn.

Èyí tí ó kọ̀ tí kò lọ, tí ó sì ń tóbi, ni kí a máa ṣọ́. Ó lè lọ́ bí okùn ìfami ti í lọ́ nígbà tí korobá bá ń yí nínú kànga. Bí ó bá lọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráàyè dé ilé ẹyin mọ́. Ìrora òjijì yóò mú aláboyún ní ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn, èébì a sì máa tẹ̀lé e. Àwọn kan a ní ìnira oyún lásán ni, wọn a wá ẹni tí yóò fi òróró wọ́ ikùn. Àṣà yìí ni mo wá bá wí. Bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ó lè tú u; bí a bá pẹ́, yóò gé e sọnù. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi wà ní Ṣakí. Òru kì í ṣe àwíjàre.

Ó ti pẹ́ tí kókó yìí ti ń tan ènìyàn jẹ. Ní 1809, ní Kentucky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìbejì ni Ìyáàfin Jane Crawford lóyún rẹ̀. Dókítà Ephraim McDowell ní kì í ṣe oyún. Obìnrin náà gun ẹṣin nǹkan bí máìlì 60 lọ bá a (irú ikùn bẹ́ẹ̀, lórí ẹṣin!), wọ́n sì la inú rẹ̀ láìsí oògùn akunnilóorun, wọ́n yọ kókó tí ó wúwo ju pọ́n-ùn 20 lọ. Ó wà láàyè títí di 1842. Ní 1958, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald ní Glasgow kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo inú; obìnrin kan tí wọ́n ti rò pé jẹjẹrẹ ni yóò pa, kókó ilé ẹyin ni ẹ̀rọ náà bá níbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́.

Bí dókítà bá ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ má ṣe sá. Bí kò bá sí ìrora òjijì, oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ẹni tí a yọ ilé ẹyin kan fún ṣì lè bímọ, nítorí méjì ni obìnrin ní.