Ìsinmi Òṣìṣẹ́ àti Ọkọ̀ Onílé ní Odò Wye

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn jù, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní bọ́ọ̀sì láti gbé jáde ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi la fẹ́ sọ. Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá, àwa ìdílé mẹ́rin nínú ẹ̀ka yìí dáwó jọ, a yá ọkọ̀ onílé méjì, a sì wà á lọ sí àfonífojì Odò Wye, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Wales ti pààlà. Ọkọ̀ onílé ni èyí tí wọ́n ń pè ní motorhome níhìn-ín: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà, omi wà, ilé ìgbẹ́ wà. Nígbà tí ìròyìn náà dé kántíìnì, ohùn méjì la gbọ́. Àwọn kan ní, "Ta ni yóò ní ilé tí yóò tún fi owó rẹ̀ lọ sùn nínú ọkọ̀?" Àwọn kan ní, "Nǹkan òyìnbó nìyẹn." Ohùn méjèèjì la wá fèsì sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ ìsinmi rárá. A ó gba líìfù lọ́wọ́ ọ̀gá kan, a ó sì lo ọ̀sẹ̀ náà gan-an láti ṣe iṣẹ́ ẹjẹ́ńsì fún ọ̀gá mìíràn. A mọ ohun tó fà á: owó ilé ń bẹ, owó ilé-ìwé ń bẹ, àwọn ará ilé ń pè wá láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. A kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àánú àwọn ọ̀gá kọ́ ló fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi olówó. Kí ó tó di 1938, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí ni ebi máa ń bá lọ sí ìsinmi. Àtakò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló mú òfin ọdún náà wá, ọ̀sẹ̀ kan péré sì ni ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà dámọ̀ràn. Ọdún 1998 ni òfin tuntun dé pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó di mẹ́rin ní 1999. Ní oṣù Kẹrin 2009, ó di ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Òfin yìí kan náà ló sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi owó ra àwọn ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí máníjà bá pè sí kọ̀rọ̀ pé kó ta líìfù rẹ̀, kó wá rí aṣojú ẹgbẹ́. Bákan náà, láti 2014 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti fi hàn pé ófátáìmù tí a ń ṣe déédéé gbọ́dọ̀ hàn nínú owó ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹ yẹ ìwé owó yín wò. Bí ẹ bá lọ ìsinmi tí owó náà já wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé ní ìdajì, ẹ má dákẹ́.

Ó dára. "Nǹkan òyìnbó" ńkọ́? Òyìnbó wo? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ kọrí sí orí òkè Kinder Scout ní Derbyshire, ilẹ̀ tí àwọn olówó sé mọ́ kí wọ́n lè máa yìnbọn pa ẹyẹ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilé iṣẹ́ Manchester. Ọmọ ogún ọdún kan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò, Benny Rothman, ló ṣáájú wọn. Márùn-ún nínú wọn ló lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún 1949 ni òfin dé tó dá àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ọdún 1971 ni wọ́n sì wá fi àmì ilẹ̀ ẹlẹ́wà sí àfonífojì Wye. Nítorí náà òyìnbó òṣìṣẹ́ pàápàá, kò sẹ́ni tó jí tó gbé ilẹ̀ yìí fún un.

Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà M4 tí a gbà lọ gba ẹ̀gbẹ́ Bristol kọjá. Ní 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà kò gba ènìyàn dúdú sí iṣẹ́ awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́kítọ̀. Àwọn ará Karíbíánì ìlú náà pinnu pé àwọn kò ní wọ bọ́ọ̀sì mọ́, láti òpin oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, tí ilé iṣẹ́ náà fi gbà. Ohun tó dùn wá níbẹ̀ ni pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gan-an wà lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ náà. 2013 ni ẹgbẹ́ Unite, tó jogún ẹgbẹ́ ọ̀hún, tó tọrọ àforíjì. A ròyìn èyí fún àwọn ọmọ wa bí a ti ń kọjá. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé ìdí nìyẹn tí bàbá òun kì í fi í pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ. Bàbá rẹ̀ kò dá a lóhùn, ó kàn tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa nìyẹn. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré, ìyẹn B, kò gba ọkọ̀ dísù tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju 3,500 kílò lọ. Ẹni tó yege ìdánwò ọkọ̀ kékeré ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1997 lè wa èyí tó tó 7,500 kílò títí yóò fi di ẹni 70 ọdún. Lẹ́yìn èyí, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí káàdì yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ má rò pé nítorí à ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì, gbogbo ọkọ̀ ayé ló ti wọ inú ìwé wa.

Ìwọ̀n ẹrù ni ọ̀tá ọkọ̀ onílé. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ 3,500 sí lára lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 3,000 kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni; táǹkì 100 lítà tó kún, 100 kílò ló jẹ́. Ẹ wá fi èèyàn mẹ́rin kún un, pẹ̀lú àpótí aṣọ, kúlà ẹran, ìrẹsì, gàárì. Ìdílé kan gbé odó wá. A kò ṣe àwàdà: odó, àti ọmọ odó. A ní kí wọ́n dá a padà sílé, kì í ṣe nítorí pé a kò fẹ́ iyán, bí kò ṣe pé bí àwọn aláṣẹ bá dá ọkọ̀ dúró tí wọ́n wọ̀n ọ́n, dírẹ́bà ló máa jẹ́jọ́, láísẹ́ǹsì yẹn náà ló sì fi ń jẹun.

Gíga ọkọ̀ ńkọ́? Ó sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. A kọ ọ́ sórí ìwé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Ẹni tó ti rí bọ́ọ̀sì tí afárá rélùwéè ṣí ní fìlà rí kò nílò ìwàásù lórí èyí.

Iná àti gáàsì ni kí ẹ fi etí sí jù. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó sùn kò ní mọ̀ pé ó wọlé. Ẹ rí i pé aago ìkìlọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni lọ́kọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ẹran sísun, ẹ sun ún níta. Ẹ má gbé ààrò èédú wọ inú ọkọ̀ tàbí àgọ́, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé iná ti kú lára rẹ̀, kódà bí òtútù bá mú. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ yìí. Ẹ fi mítà mẹ́fà sáàárín ọkọ̀ kan àti èkejì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù òru dé, kó sùn kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a gbéra, dírẹ́bà méjì ló wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ kò kàn lè dúró síbi tó bá wù yín kí ẹ sì sùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ilẹ̀ ní olówó, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ rẹ̀. Ní Dartmoor nìkan ni ẹni tó gbé àgọ́ sẹ́yìn ti lè sùn láìtọrọ, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sì fìdí èyí múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025. Nítorí náà a ti sanwó sílẹ̀ ní ọgbà ìpàgọ́ kan kí a tó kúrò nílé. Ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé bá pa máa ń wọ́n ju ìyókù lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní ti àpótí ìgbẹ́ inú ọkọ̀, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ọgbà la ti ń dà á, kì í ṣe inú igbó tàbí odò. A pín iṣẹ́ náà bí a ti ń pín ṣíìfù, alága gan-an kò sì bọ́ níbẹ̀.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Chepstow tó bíi 130 máìlì. A gba orí afárá Severn tí wọ́n ṣí ní 1966. Láti oṣù Kejìlá 2018 ni wọn kò ti gba owó ibodè níbẹ̀ mọ́. Láti Chepstow, ọ̀nà A466 ń bá odò náà lọ, ó há, ó wọ́, igbó ṣú lọ́tùn-ún lósì. Orí òkè Pumlumon láàárín gbùngbùn Wales ni odò yìí ti ṣẹ̀, ó sì rin ohun tó ju 130 máìlì lọ kó tó dé Severn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi òkun ń wọ inú rẹ̀ títí dé Bigsweir. Ní Chepstow, nígbà ìkún-omi ńlá, odò náà lè ga sókè ju mítà 10 lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹrẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀ ti di ìsàlẹ̀ omi kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lọ ṣeré níbẹ̀.

Tintern ni gbogbo ayé ń lọ wò: ilé ìsìn ńlá tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn dá sílẹ̀ ní 1131, tí ọba Henry Kẹjọ tì pa ní 1536. Òrùlé kò sí mọ́. Koríko ni ilẹ̀ inú rẹ̀, ojú ọ̀run ni àjà rẹ̀. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ William Gilpin gba ojú omi wá síbẹ̀ ní 1770, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1782. Ìwé yẹn wà lára ohun tó kọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa wá wo ibi ẹlẹ́wà. Ó ní ògiri kan níbẹ̀ kò rẹwà tó, òòlù díẹ̀ ni yóò tún un ṣe! Ṣùgbọ́n ó tún rí àwọn tálákà tó ń gbé inú àwókù náà, ó sì mẹ́nu kan ariwo ilé iṣẹ́ irin tó wà nítòsí. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí: láti nǹkan bí 1566 ni wọ́n ti ń fa wáyà ní Tintern. Àfonífojì tí wọ́n ń tà fún wa lónìí bí ibi ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ibi iṣẹ́ irin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òṣìṣẹ́ ti débẹ̀ ṣáájú arìnrìn-àjò afẹ́.

Ènìyàn dúdú náà ti débẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá eré ẹṣin Chepstow, àwókù ilé ńlá kan wà tó ń jẹ́ Piercefield. Ní 1802 ni Nathaniel Wells rà á. St Kitts ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò láti Cardiff, ẹrú nínú ilé bàbá yẹn sì ni ìyá rẹ̀. Ní 1818, wọ́n fi í ṣe sheriff Monmouthshire. Àwọn kan nínú wa fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná: oko ìrèké ni owó rẹ̀ ti wá, òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú, ìjọba sì sanwó fún un nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Àwọn ẹrú náà kò gba kọ́bọ̀. A jiyàn lórí ọkùnrin yìí títí ilẹ̀ fi ṣú, iyàn náà kò sì tíì tán.

Ní Symonds Yat, a gun orí àpáta, a rí odò náà tó ká bí ejò nísàlẹ̀, a sì rí àṣá tí wọ́n ń pè ní peregrine. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí kò ní ẹ́ńjìnnì: atukọ̀ rẹ̀ yóò na ọwọ́ sí okùn irin lókè orí, yóò sì máa fi apá fa èrò kọjá. Ẹnì kan nínú wa béèrè ìgbà tó ń jẹun. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kí òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n odò náà ń ṣàìsàn, kò sì yẹ ká fi pa mọ́. Adìyẹ tó ju 20 mílíọ̀nù ló wà ní àwọn oko tó yí odò náà ká. Ìgbẹ́ wọn ni wọ́n ń dà sórí ilẹ̀ oko, òjò ń gbá a wọ inú omi, phosphate inú rẹ̀ ń bọ́ ewéko kéékèèké tí ń sọ odò di bí ọbẹ̀ ewédú nígbà ooru. Ìmọ́lẹ̀ kò wọ ìsàlẹ̀ omi mọ́, koríko rere inú rẹ̀ ń kú, ẹja salmon ń dínkù. Omi ẹ̀gbin àwọn ìlú náà wà níbẹ̀. Ní 2023, Natural England, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀dá inú igbó àti odò, sọ ipò odò náà di èyí tó ń burú sí i. Adìyẹ yẹn kan náà ni à ń rà ní owó pọ́ọ́kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pa á, tó ń dì í sí àpò, èèyàn bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n ti òkèèrè wá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ti oko náà pa gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò ti rí iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí a fi odò sílẹ̀ kó kú kò tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, a fẹ́ gbé e lọ síwájú ẹkùn ẹgbẹ́ wa.

Ṣé wọ́n wò wá ní ọgbà ìpàgọ́? Wọ́n wò wá. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbàlagbà kan rọra rìn wá béèrè ohun tí à ń dín tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Dòdò ni. Ó jẹ ẹ́, ó sì mú àwo padà wá.

A ó tún lọ ní oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀, ọkọ̀ mẹ́ta la sì fẹ́ yá. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ti kọ̀wé gba líìfù kí ẹ tó wá, kí èsì ọ̀gá sì wà ní ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. A ó máa gba owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kó má baà wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀yin tó ní láísẹ́ǹsì ṣáájú 1997, a nílò yín gidigidi, ẹ mú káàdì yín dání. Odó yóò dúró sílé.