Àgádágodo tí ó di ọ̀nà olè



Bí ènìyàn bá ra àpótí kan ní ọjà, tí ó gbé e dé ilé, tí ó sì wá rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ẹni tí ó tà á fún un ti fi amí kan pamọ́ sínú rẹ̀ láti máa ṣọ́ bí òun ti ń lò ó, kí ni onítọ̀hún yóò ṣe? Kò sí ẹni tí kò ní fi igbe ta. Ohun tí ó jọ èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, àwo orin ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ní tẹlifóònù alágbèéká nínú àpò rẹ̀ lónìí.

OHUN TÍ Ó FÀ Á

Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ da orin kọ láti inú àwo kò lè rí i ṣe kíákíá, àdàkọ rẹ̀ kì í sì í dùn tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí sídì dé, tí kọ̀ǹpútà sì wọ ilé àwọn ènìyàn, nǹkan yí padà. Kọ̀ǹpútà lè da gbogbo orin inú sídì kọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún 1999 ni ètò kan tí ń jẹ́ Napster bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí máa fi orin ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ ni ó mú kí a tì í pa ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti dìde rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo orin jáde ké gbàjarè, ìdí sì wà fún igbe wọn. Ẹni tí ó kọ orin, ẹni tí ó lùlù sí i, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde: gbogbo wọn ni ó ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí wọn. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wa iṣu rẹ̀ lọ láìsanwó.

Ọ̀nà tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbà dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Sony BMG ni orúkọ rẹ̀. Sony ti ilẹ̀ Jàpáàn àti Bertelsmann ti ilẹ̀ Jámánì ni ó jùmọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ yìí gba àgádágodo kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ First 4 Internet. Àgádágodo náà kì í ṣe onírin. Ètò kọ̀ǹpútà ni, èyí ni pé àkójọ àṣẹ ni, tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an. XCP ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi í sínú oríṣi sídì 52.

Bí ẹni tí ó ra irú sídì bẹ́ẹ̀ bá ti fi í sínú kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, ìwé àdéhùn gígùn kan yóò yọ sí ojú ẹ̀rọ. Bí ó bá gbà, XCP yóò wọlé, yóò sì rí i pé kò da orin náà kọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Títí dé ibí, ènìyàn lè wí pé àdéhùn ni àdéhùn. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé XCP yóò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún onílé. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì “$sys$” han ẹni tí ó ni ín. Kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí a lè gbà yọ ọ́ kúrò. Kódà nígbà tí kò sí orin tí ń kọ, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ó sì ń jẹ nínú agbára ẹ̀rọ náà. Irú ètò tí ń fara pamọ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní rootkit, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kọ́lékọ́lé orí kọ̀ǹpútà ni a sì mọ̀ ọ́n sí.

BÍ ÀṢÍRÍ TI TÚ

Mark Russinovich jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ń dán irinṣẹ́ kan tí a fi ń wá ohun tí ó fara pamọ́ wò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ni irinṣẹ́ náà bá sọ fún un pé àlejò wà nínú ilé. Ó tọ ipasẹ̀ àlejò náà títí ó fi já sí sídì ẹgbẹ́ olórin Van Zant tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Nígbà tí ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, ojú ihò tí a ń fi sídì sí lára kọ̀ǹpútà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè kà á. Bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà bá nílò irinṣẹ́ pàtàkì kí ó tó rí àlejò inú ilé rẹ̀, báwo ni olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ó kàn fẹ́ gbọ́ orin ní ìrọ̀lẹ́ yóò ti ṣe rí i?

Láìpẹ́, wọ́n bi Thomas Hesse, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Sony BMG, léèrè ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò. Èsì rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ rootkit, nítorí náà kí ni yóò mú kí wọ́n kà á sí? Èsì yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ. Ẹni tí kò mọ orúkọ ejò kò tìtorí èyí bọ́ lọ́wọ́ oró rẹ̀.

Oró náà kò sì pẹ́ kí ó tó dé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. XCP ti la ògiri sílẹ̀. Kò mọ ènìyàn rere yàtọ̀ sí olè. Ohun tí ó bá ti ní àmì yẹn níwájú orúkọ rẹ̀ ni yóò bá a fi pamọ́. Àwọn kan tí ń ṣe màgòmágó nínú eré orí kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ lò ó láti fi ẹ̀tàn wọn pamọ́. Kí ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá tó pé, àwọn oníṣẹ́ ibi ti ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń sá sábẹ́ aṣọ XCP. Nígbà tí Sony BMG gbé ètò kan jáde láti fi yọ ọ́, Edward Felten àti Alex Halderman ti Yunifásítì Princeton fi hàn pé ètò ìyọkúrò náà la ihò tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí fi lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà onílé.

Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá sọ̀rọ̀. Stewart Baker, òṣìṣẹ́ àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ààbò ilẹ̀ náà, rán àwọn oníṣòwò létí pé iṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́ tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe tiwọn. Gbólóhùn yìí ni ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

BÍ Ó TI PARÍ SÍ

Nínú oṣù Kọkànlá kan náà, Sony BMG kó àwọn àwo náà kúrò lórí àtẹ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.7 ni wọ́n ti tẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.1 ni wọ́n sì ti tà. Ìpínlẹ̀ Texas pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nínú ìparí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè, èyí tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 2006, ẹni tí ó dá àwo rẹ̀ padà gba òmíràn tí kò ní àgádágodo, ó sì yan yálà dọ́là 7.50 pẹ̀lú orin àwo kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí orin àwo mẹ́ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, àjọ ìjọba tí ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà tún bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn yóò san tó dọ́là 150 fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́ níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti yọ ètò náà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ gbangba sí ara páálí àwo bí àgádágodo bá wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn olùwádìí tú inú àgádágodo náà wò, wọ́n sì rí ègé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni LAME, ètò tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ṣe, tí wọ́n sì fi fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ àdéhùn tí a kò pa mọ́. Ṣọ́jà tí a gbà pé kí ó máa ṣọ́ oko ti já iṣu oko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sápò.

Láti ìgbà náà ni irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lára orin tí a ń tà. EMI gbà ní oṣù Kẹrin ọdún 2007 láti máa ta orin orí íntánẹ́ẹ̀tì láìtì í. Sony BMG pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, Apple kéde pé orin ilé-ìtajà iTunes yóò bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a yẹ èrò mẹ́ta tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ wò. Èkíní ni pé olówó ni àwọn olórin, jíjí orin wọn kò pa wọ́n lára. Èyí kò tọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin kì í ṣe olówó, ìjẹ wọn ni orin wọn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sì ń gbèjà wọn.

Èkejì ni pé ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀tọ́ lè gba ọ̀nàkọnà láti ṣọ́ ọ. Èyí náà kò tọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó gba orin ọ̀fẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú kò pàdé XCP rárá. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ìtajà, tí ó sanwó, tí ó hùwà ọmọlúàbí, òun ni ìyà jẹ. Òwò tí ń fìyà jẹ olóòótọ́ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní olè jíjà ni.

Ẹ̀kẹta ni èrò ẹni tí ó wí pé òun kò ní ohun ìkọ̀kọ̀ nínú tẹlifóònù òun, kí ni ó kan òun? Orúkọ ìyá, ọ̀rẹ́ àti oníbàárà rẹ̀ wà nínú rẹ̀; nọ́ńbà báńkì rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé tí ẹni tí kò bìkítà ṣí sílẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò bá a pín nínú àdánù. Òfin ààbò ìsọfúnni ara-ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fi í hàn pé ẹni tí ìsọfúnni bá jẹ́ tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí áàpù iná tọ́ọ̀ṣì bá ń béèrè orúkọ gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ bi í pé kí ni iná fẹ́ fi orúkọ ọ̀rẹ́ ṣe, kí ẹ sì kọ̀ fún un. Bí ìwé àdéhùn bá gùn jù, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ̀wé kà á fún yín kí ẹ tó tẹ “mo gbà.” Ẹ má ṣe gba ètò kankan láti ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, ìbáà jẹ́ orin ni ó fi dì í. Bí nǹkan kan kò bá yé yín, ẹ béèrè, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìmọ̀ yín ṣe àwíjàre. Ẹ san owó tí ó tọ́ sí olórin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san án tán, ilé yín ṣì jẹ́ tiyín.