Eré, Ère, Èrè: Iyì Iṣẹ́ Ọnà tí Ènìyàn ń Fi Ìgbafẹ́ Ṣe

    

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí iṣẹ́ oòjọ́ bá ti parí: ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń sín, igi tí a ń gbẹ́, aṣọ tí a ń ya ọnà sí, ìlù tí a ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó rà á, tí kò sì sí ẹni tó yìn ín, ǹjẹ́ ó níyì? Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dá ara yín lóhùn pé kò níyì, ẹ sì ti kó irinṣẹ́ yín sí abẹ́ ibùsùn. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìmọ̀ èdè tí mo fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà tí lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ síra, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ohùn àárín àti ohùn òkè fún wa ní eré. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín fún wa ní ère, èyí tí agbẹ́gilére ń gbẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì fún wa ní èrè. Èmi kò sọ pé orírun kan náà ni wọ́n ní. Onímọ̀ èdè tó bá sọ bẹ́ẹ̀ láìní ẹ̀rí ń purọ́ mọ́ èdè. Mo kàn fẹ́ fi wọ́n ṣe ohun ìrántí ni. Bí a bá rí ẹni tó ń fi ìgbafẹ́ ṣe ọnà, ohun tí a máa ń sọ ni pé, “Eré lo ń ṣe, èrè wo ló wà níbẹ̀?” Ẹ wò ó bí a ti fo èyí tó wà láàárín. A rí eré, a béèrè èrè, a kò wo ère.

Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan. Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ro ẹ̀kọ láfún, a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Láàárín ọdún mẹ́ta, aṣọ méjì péré ni ó tà. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ti da ojú ìkòkò aró rẹ̀ dé. Ohun tó fẹ́ kí Ifá sọ fún òun ni bóyá ọjà àdìrẹ yóò wọ òun lọ́wọ́. Kí n tó gbé ọpọ́n kalẹ̀, mo bi í pé, “Ìyá, kí ni ó máa ń ṣe yín bí ẹ bá mú ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, láti àárọ̀ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ohun tí ẹlòmíràn sọ ni mò ń kọ sílẹ̀. Lórí aṣọ yẹn nìkan ni kò ti sí ẹni tó ń sọ ibi tí ìlà yóò gbà fún mi.”

Èsì tí Ifá fọ̀ fún un, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ yẹn kan gbogbo wa. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé olúkúlùkù ló ní orí tirẹ̀, orí ẹnì kan kì í sì í ṣe ti ẹnì kejì. Ó kọ́ wa pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, pé Àjàlá ni ó ń mọ orí. Ṣáájú kí ọjà tó wà ni amọ̀ ti wà lọ́wọ́ òrìṣà. Nítorí náà, wákàtí tí ènìyàn fi ń tẹ̀lé ìlà tí orí ara rẹ̀ là sílẹ̀ kì í ṣe wákàtí tó ṣòfò.

Ẹ wo àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọdún òrìṣà bá ti kò, wọn a kun ògiri náà lákọ̀tun, ọnà tuntun a sì bo ti àná mọ́lẹ̀. Ta ni yóò ra ògiri ojúbọ? Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí i mọ̀ pé ọnà gidi ni.

Ẹ tún wo Òṣogbo. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan tó tẹ̀lé e, a ṣí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, láìbéèrè ìwé ẹ̀rí. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ wà níbẹ̀. Muraina Oyelami tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé epo wà níbẹ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji, òun náà ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú igbó Ọ̀ṣun títí dòní, níbi tí ó ti bá Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ṣiṣẹ́. Igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá mú búrọ́ọ̀ṣì ni yóò di olókìkí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbé èrè gbà wọlé. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé, ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀dà, kò sí ẹni tó ṣèlérí ohunkóhun fún wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí: àyè, ohun èlò, àti ẹni tó jókòó tì wọ́n tó ń wo iṣẹ́ wọn dáadáa.

Ẹni tó ń ṣe ọnà lè wá àwọn mẹ́ta náà fún ara rẹ̀. Ya igun ilé kan sọ́tọ̀, kódà bó kéré. Kọ ọjọ́ sẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o lè fi tòní wé ti èṣí, kí o má baà máa fi í wé ti aládùúgbò. Wá ojú kan tó mọ̀ ọ́n wò. Ojú kan bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kàn tẹ àmì ìfẹ́ lórí Facebook, tí wọ́n sì kọjá lọ. Lẹ́yìn èyí, fi iṣẹ́ náà tọrẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ tí o sín, fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìkómọ. Ohun tó bá ti wà lára ẹlòmíràn ti kúrò ní eré ọmọdé.

Ní ti àwa tí a ń wò wọ́n, ọ̀ràn náà kàn wá. Ta ni yóò sín ìdè fún wa lọ́la? Ta ni yóò gbẹ́ ọpọ́n àti ìrọ́kẹ́? Bó bá jẹ́ kìkì ohun tó ń mówó wọlé ni a ń bọ̀wọ̀ fún, inú páálí ni a ó ti máa tú ohun òrìṣà wa, kò sì ní sí ọmọ tó mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ mi jẹ oníṣẹ́-ọnà níyà: ẹni tó bá fi ọnà ṣe iṣẹ́ oòjọ́, ẹ san owó rẹ̀ pé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ọmọ yín, aya yín tàbí ọkọ yín bá mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé, “Èló ni?” Ẹ béèrè pé, “Báwo lo ṣe ṣe é?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Kí orí inú wa má ba tòde jẹ́. Kí ọwọ́ wa má rọ. Àṣẹ.