Bí Àwọn Ará Bengal Ṣe Dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ẹ̀rọ Ti Ara Wọn Sílẹ̀



Bí ènìyàn bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, ìbéèrè méjì ni yóò kọ́kọ́ pàdé: ta ni yóò san owó rẹ̀, kí ni a ó sì kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀? Èmi kò ní wá ìdáhùn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ títí ó fi sú wa. Ilẹ̀ Íńdíà ni mo fẹ́ mú yín lọ, sí ìlú Calcutta ní Bengal, níbi tí Yunifásítì Jadavpur wà títí di òní.

Ní ọdún 1905, Lord Curzon, gómìnà àgbà fún gbogbo Íńdíà, pín Bengal sí méjì. Ọ̀ràn náà dun àwọn ará ibẹ̀ dé egungun. Wọ́n pa aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tì, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń bá àgbà lọ sí ìpàdé. Ìjọba wá kọ̀wé pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun yóò pàdánù owó ìrànlọ́wọ́. Ní Rangpur, a bu owó ìtanràn lé àwọn ọmọ. Kí oṣù November ọdún náà tó parí, àwọn ará ìlú ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò lè kọ́ ilé. Subodh Chandra Mullick dìde, ó ṣe ìlérí 100,000 rúpì. Inú àwọn ènìyàn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Rájà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjọba ni ó fi í jẹ oyè náà. (Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí irú oyè bẹ́ẹ̀.) Brajendra Kishore Roy Chowdhury, onílẹ̀ pàtàkì kan, fi 500,000 rúpì kún un. Ní oṣù March 1906, a dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀, Rash Behari Ghosh, agbẹjọ́rò olókìkí, sì ni ààrẹ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́. Apá kan fẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní ìwé àti iṣẹ́ pọ̀. Taraknath Palit àti àwọn tirẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́-ẹ̀rọ ni ilẹ̀ àwọn ṣe aláìní. Ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n ṣí ní ọdún 1906 kan náà. Ti ìwé, Bengal National College, ni òkìkí rẹ̀ kàn, nítorí Aurobindo Ghose fi iṣẹ́ rere sílẹ̀ ní Baroda láti wá ṣe ọ̀gá rẹ̀. Bengal Technical Institute, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ ti Palit, kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀.

Ní 1910 a so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ó di 1912, Palit fi ilẹ̀ àti owó ńlá ta Yunifásítì Calcutta lọ́rẹ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ náà sì ní láti wá ibòmíràn lọ. Síbẹ̀ òun ni kò kú. Ìwé-ẹ̀rí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì kò ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọba fún ẹnikẹ́ni, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn kúrò, ó ń joro títí ó fi parẹ́. Èmi tí ìwé ni mo fi ń kọ́ni láti ìgbà èwe mi, kò dùn mọ́ mi láti sọ èyí; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ẹ̀rọ í tún ṣe, a kì í bi í pé èdìdì ta ni ó wà lára ìwé rẹ̀.

Ní 1921 ilé-ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ìmọ̀-ẹ̀rọ ti kẹ́míkà, kí ibòmíràn ní Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún náà ni Ghosh kú, ó sì fi púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìgbìmọ̀. Ní 1924 wọ́n kó lọ sí Jadavpur. Ní 1928 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí College of Engineering and Technology, Bengal. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, ṣùgbọ́n ó tún di ọjọ́ 24 oṣù December 1955 kí òfin tó sọ ọ́ di yunifásítì, lẹ́yìn ọdún 49.

Nígbà náà ni wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn fún ìwé. Ní 1956, ní àárín àwọn ilé ẹ̀rọ wọ̀nyí, akéwì Buddhadeva Bose dá ẹ̀ka tí ń fi lítíréṣọ̀ orílẹ̀-èdè kan wé ti èkejì sílẹ̀, irú rẹ̀ kò sì tíì sí ní gbogbo Íńdíà ṣáájú rẹ̀.