Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe

Ọ̀rọ̀ òdòdó kan la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kò sí ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ òyìnbó ló ń hù sí, láti Jámánì àti Họ́ngárì títí dé Ukraine àti Rọ́ṣíà. Adonis vernalis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é.

Òdòdó náà kò ga ju orúnkún lọ. Ó pọ́n bí ìyeyè. Bí òtútù ńlá bá ti ń lọ, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó máa ń là nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, á tún pa ara rẹ̀ dé.

Irú ilẹ̀ wo ló fẹ́? Pápá gbalasa tí kò ní igi ni. Ilẹ̀ gbígbẹ tí òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí oòrùn ń pa, ló dára fún un. Kò fẹ́ ilẹ̀ àbàtà, kò sì fẹ́ abẹ́ òjìji. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí pé níbẹ̀ koríko kì í ga bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í dá gbé. Koríko kúkúrú ni aládùúgbò rẹ̀, àti koríko kan tí irun orí rẹ̀ gùn, tó rí bí ìyẹ́ ẹyẹ. Èèrà ń bá a gbé èso rẹ̀ kiri. Àgùntàn náà ń ràn án lọ́wọ́. Májèlé wà nínú òdòdó yìí, nítorí náà àgùntàn kì í jẹ ẹ́. Koríko àti igi wẹ́wẹ́ tó yí i ká ni wọ́n ń jẹ, oòrùn á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló wá sọ ọ́ di ohun tó ṣọ̀wọ́n? Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní, wọ́n túlẹ̀ pápá rẹ̀ fi dáko. Èkejì, níbi tí wọn kò ti da àgùntàn mọ́, igbó hù, òjìji sì pa á. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń fi ṣe oògùn àìsàn ọkàn. Àwọn kan ń já a, àwọn mìíràn ń hú u tìdítìdí. Bẹ́ẹ̀ sì ni irúgbìn rẹ̀ máa ń lo ọdún púpọ̀ kí ó tó yọ òdòdó. Ohun tí ẹnì kan hú ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ní ọdún 2000, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Benin àti Togo náà wà nínú àdéhùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ní Mallnow, lẹ́bàá odò Oder ní Jámánì, àgùntàn ni wọ́n ń dà lórí òkè kí igbó má bàa bo òdòdó náà.

Ẹ̀yin tó ń wá ewé àti egbò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ewé bá tó, ẹ má hú ìdí. Bí ẹ bá ń wa egbò, ẹ mú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì bo ìyókù. Bí ẹ bá ń bó èèpo, ẹ má bó o yí igi ká, torí igi náà yóò kú.

Ẹ jíròrò èyí nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín: ewé wo ni àwọn bàbá wa ń já lẹ́yìnkùlé, tí àwa ń rìn jìnnà kí a tó rí lónìí? Kí ni ó máa ń hù pẹ̀lú rẹ̀ tí a ti gé kúrò?

Ó dìgbà míràn o.